Ọkọ̀ tí bàbá mi fara tì nínú fọ́tò 1977: ṣé Duster 340 ni lóòótọ́?

Àkànbí_Houston · Ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Bàbá mi máa pé ẹni ọdún 75 nínú oṣù Kejìlá. Ọ̀dọ̀ wa ní Houston ni wọ́n ń gbé báyìí. Ní 1974 ni wọ́n wá kàwé ní Detroit, wọ́n sì padà sílé ní 1979. Nínú gbogbo ohun tí ojú wọn rí níbẹ̀, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń sọ. "Duster mi, sírì fọ́tì." Tí wọ́n bá ti mu ẹmu díẹ̀, sírì fọ́tì dé nìyẹn.

Fọ́tò kan ló kù. 1977 ni wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bàbá wọ ṣòkòtò labú, irun wọn dúró bí agboòrùn, wọ́n fara ti ọkọ̀ bí ẹni tó ra gbogbo Detroit.

Mo fẹ́ ra irú ọkọ̀ náà fún wọn láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè bi wọ́n ní ìbéèrè. Mo rí Plymouth Duster 1970 kan ní Oklahoma, pupa, ilà dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó ń tà á ní 340 gidi ni, ìyẹn èyí tó ní ẹńjìnnì ńlá, 38,000 dọ́là. Owó yẹn kì í ṣe owó ẹ̀pà lọ́wọ́ mi. Camry ni mò ń wà, mi ò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀ àtijọ́. Ẹ bá mi wo fọ́tò yìí, kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ṣọlá_Kìràkìtà · Ọjọ́ Ajé, 8:31 alẹ́

Dodge Dart nìyẹn. Mo mọ Dart. Bàbá ti gbàgbé orúkọ ọkọ̀ wọn ni, ọjọ́ ogbó.

Baba_Sípánà · Ọjọ́ Ajé, 9:50 alẹ́

Ṣọlá, rọra o. Àgbàlagbà tí ò gbàgbé iye tí ẹnì kan jẹ ẹ́ ní 1975, ṣé orúkọ ọkọ̀ ló máa wá gbàgbé?

Ọdún 31 ni mo fi tún ọkọ̀ ṣe ní Detroit. Ilé kan náà ni wọ́n bí Dart àti Duster sí, Chrysler ni, ṣùgbọ́n wọn ò jọra tí o bá mọ ibi tó yẹ kí o wò. Òrùlé Dart Swinger, ìyẹn Dart onílẹ̀kùn méjì, dúró ṣánṣán lẹ́yìn, ti Duster ń yọ̀ wálẹ̀. Láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn, 108 íǹṣì ni ti Duster, 111 ni ti Swinger, ìyẹn ò sì lè hàn nínú fọ́tò. Èyí tó lè hàn ni gíláàsì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó jókòó sẹ́yìn. Ti Swinger máa ń wọlẹ̀ tí o bá yí ọwọ́ rẹ̀. Ti Duster kì í wọlẹ̀. Tó bá tilẹ̀ máa ṣí, ńṣe ló máa ń la ẹnu síta díẹ̀ bí ìwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Àkànbí, wò ó dáadáa. Kí o sì ka páìpù èéfín ẹ̀yìn rẹ̀ fún mi.

Àkànbí_Houston · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:05 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ sà. Mo fi ẹ̀rọ wo fọ́tò náà kó lè tóbi. Gíláàsì ẹ̀yìn la ẹnu síta lóòótọ́, mo tilẹ̀ rí òjìji rẹ̀ lára ọkọ̀. Páìpù èéfín kan ni mo rí. Kò sí ilà kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tó bo àárín ẹsẹ̀ ọkọ̀ kéré, ó pẹlẹbẹ, ó ń dán.

Baba_Sípánà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:40 àárọ̀

Duster ni nígbà náà. Ṣọlá, o jẹ bàbá onílé ní àforíjì. Ṣùgbọ́n Àkànbí, wá ibi jókòó kí n tó sọ èyí tó kù: ọkọ̀ inú fọ́tò yẹn kì í ṣe 340.

340 ti ọdún 1970 máa ń ní páìpù èéfín méjì. Ilà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n kọ 340 sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí wọ́n ń pè ní Rallye, kì í ṣe ìdérí pẹlẹbẹ bí àwo ọbẹ̀. Ẹnì kan lè ta ẹsẹ̀ ọkọ̀, ẹnì kan lè kun ọ̀dà bo ilà, àmọ́ ta ló máa yọ páìpù kejì dànù? Ìwọ̀n inú ẹńjìnnì ni 340 yẹn, nǹkan bíi lítà 5.6, pílọ́ọ̀gì mẹ́jọ, agbára ẹṣin 275 nínú ọkọ̀ tí kò wúwo. Ohun tí Plymouth ṣe ni pé wọ́n mú Valiant, ọkọ̀ jẹ́jẹ́ tí àwọn tíṣà ń wà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n rán ẹ̀yìn tuntun sí i, wọ́n wá ki ẹńjìnnì ńlá sí i níkùn. 2,547 dọ́là ni wọ́n ń tà á. Duster tí wọ́n tà lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn lé ní 200,000, díẹ̀ nínú wọn ló jẹ́ 340. Èyí tó pọ̀ jù, pílọ́ọ̀gì mẹ́fà ni tàbí 318. Ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì tún wà níbẹ̀. Láti nǹkan bí 1970 ni wọ́n ti ń bu owó gọbọi lé ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá ní ẹńjìnnì ńlá lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé lọ́sàn-án, tó ń fọ àwo lóru, níbo ló ti fẹ́ rí i san?

Ní ti Oklahoma, má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ o. Ní kó ya fọ́tò nọ́ńbà tó wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù lápá òsì, èyí tí o lè kà láti ìta. 340 gidi ti 1970 máa fi VS29H bẹ̀rẹ̀. H yẹn ni ẹńjìnnì. Tó bá jẹ́ C, 225 ni, pílọ́ọ̀gì mẹ́fà. Tó bá jẹ́ G, 318 ni. Èèyàn lè kun ilà, ó lè lẹ 340 mọ́ ọkọ̀ níbi mẹ́wàá, nọ́ńbà yẹn ò ní gba rìbá.

Lẹ́yìn náà, dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú sukurudíráfà. Irin ìdábùú kan wà lábẹ́ ibi tí àwọn ará iwájú ń gbé ẹsẹ̀ lé. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀pá tó gbé iwájú ọkọ̀ dúró ti fìdí múlẹ̀, torí ọkọ̀ yìí ò ní sípíríǹgì kíká níwájú, ọ̀pá tó ń lọ́ ni. Gún irin náà. Tí sukurudíráfà bá wọlé bí ọ̀bẹ tó wọ ẹ̀kọ, dìde, gbọn ṣòkòtò rẹ, kí o máa lọ sílé. Gbé kápẹ́ẹ̀tì náà sókè. Omi máa ń gba ihò atẹ́gùn iwájú gíláàsì wọlé, ilẹ̀ ọkọ̀ á sì jẹrà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì láìsí ẹni tó rí i.

Ìyá_Bùkọ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:22 ọ̀sán

Ẹ kú ìjíròrò. Ẹ̀yin ọkùnrin ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà bí ẹni ń ka ọmọ ayò. Ẹ jẹ́ kí obìnrin kan sọ tirẹ̀.

Mo ní Dart 1970 ní Chicago, pílọ́ọ̀gì mẹ́fà, àwọ̀ rẹ̀ bí ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tó ti sùn mọ́jú. Ẹńjìnnì rẹ̀ fẹ̀gbẹ́ díẹ̀ bí ẹni tó fara ti ògiri. Mo gbàgbé láti pààrọ̀ òróró rẹ̀ fún odidi ọdún kan, ó ń lọ. Kò lè sáré, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Ṣùgbọ́n sítátà rẹ̀! "Nyìn-ìn nyìn-ìn nyìn-ìn", bí ewúrẹ́ tó ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo ọkọ̀ Chrysler ìgbà yẹn ló ń dún bẹ́ẹ̀, nítorí jíà tó wà nínú sítátà. Tí mo bá gbọ́ ọ láàárín ọjà lónìí, màá yíjú padà.

Oṣù Kìíní 1979, yìnyín bo Chicago mọ́lẹ̀. Táyà mi lápá òsì jò. Mo gbé sípánà lé nọ́ọ̀tì, mo dúró lé e, mo fò, kò mira. Aládùúgbò mi kan mú páìpù gígùn wá, ó tì í bọ orí sípánà, ó fà á, kọ́! Ó já. Ó fa èkejì, kọ́! Ìgbà tó já ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni bàbá arúgbó kan ń kọjá, ó ní, "Apá òsì nìyẹn. Ẹ yí i sódì." Àṣé nọ́ọ̀tì apá òsì àwọn ọkọ̀ yẹn, títí dé ti ọdún 1970, òdìkejì ni wọ́n ń yí i láti tú u. Lẹ́tà L wà lórí irin rẹ̀ gbangba, yìnyín ló bò ó. Àkànbí, tí o bá ra ti 1970, rántí èmi ìyá rẹ.

Nova_Ńlá · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:03 ìrọ̀lẹ́

Ẹ fi ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ti kógbá wọlé sílẹ̀. Plymouth parí ní 2001. Ẹ ra Nova ti Chevrolet fún bàbá. Páàtì Nova pọ̀ bí yanrìn: fẹ́ńdà, bọ́nẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀ ọkọ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń rọ ní tuntun. Nova SS tó ní 396, láti 1968 dé 1970, agbára ẹṣin 375 ni èyí tó le jù nínú wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ní Nova ní Houston ní 1978, 350 ni tirẹ̀, gbogbo ọlọ́pàá àdúgbò ló mọ orúkọ rẹ̀.

Orúkọ nìkan ló ba Nova jẹ́. Ní èdè Sípáníìṣì, "no va" ni "kò lọ". Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi rí i tà ní Mẹ́síkò.

Tíṣà_Àgbà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:17 ìrọ̀lẹ́

Ìtàn yẹn ti gbó, irọ́ sì ni. Nova tà dáadáa ní Mẹ́síkò àti Fẹnẹsúélà. Pemex, ilé iṣẹ́ epo ìjọba Mẹ́síkò fúnra rẹ̀, ta bẹntiróò tó ń jẹ́ Nova. Ọ̀rọ̀ kan ni "nova", iwájú ni wọ́n ti ń tẹ ohùn mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ méjì ni "no va", ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Ó yẹ kí ọmọ Yorùbá tètè mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ta ló gbọ́ pé wọ́n ń ta ọkọ̀, tó rò pé ọkọ́ tí a fi ń roko ni? Àbí obìnrin wo ló ra ọkọ̀, tó wá délé sọ pé òun ti ní ọkọ?

Nova_Ńlá · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:29 ìrọ̀lẹ́

Tíṣà, mo gbà. Ọ̀rọ̀ páàtì ńkọ́?

Baba_Sípánà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:11 ìrọ̀lẹ́

Ọ̀rọ̀ páàtì rẹ kò burú. Ṣùgbọ́n bàbá ní tẹ̀tẹ̀ ni òun jẹ ní 1977, ìwọ ń gbé gbúre fún wọn pé ó pọ̀ lọ́jà.

Ọmọ_Milwaukee · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:02 alẹ́

Tí ẹ bá ń dárúkọ àwọn kékeré abìjà, ẹ má fo SC/Rambler. AMC ti Kenosha, Wisconsin ló ṣe é ní 1969, 1,512 péré, 2,998 dọ́là. Ẹńjìnnì 390 nínú ọkọ̀ tó dà bí páálí bàtà. Pupa, funfun àti búlúù ni wọ́n kùn ún. Ọfà gàgàrà kan wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ń júwe ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, wọ́n kọ AIR sí i, bí ẹni pé atẹ́gùn lè ṣìnà. Kò kan ọ̀rọ̀ Àkànbí, mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni.

Ṣọlá_Kìràkìtà · Ọjọ́rú, 7:15 àárọ̀

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàbá. Tó bá jẹ́ 340 náà ni Àkànbí fẹ́, kó wá ti 1972. Agbára ẹṣin 275 ni ti 1971, wọ́n gé e sí 240 lọ́dún kejì, nítorí náà àwọn èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ jà lé e.

Baba_Sípánà · Ọjọ́rú, 8:44 àárọ̀

Ìdajì òótọ́ nìyẹn. Lóòótọ́ wọ́n dín ìfúnpọ̀ inú sìlíńdà kù sí 8.5 kó lè lo epo tí kò le. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọn agbára ni ó yí padà jù ní 1972. Tẹ́lẹ̀, orí tábìlì ni wọ́n ti ń wọn ẹńjìnnì níhòòhò, láìsí ohun tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́, láìsí páìpù èéfín inú ọkọ̀. Láti 1972, wọ́n ń wọ̀n ọ́n pẹ̀lú gbogbo ẹrù rẹ̀. Bí ìgbà tí o ka eré ẹni tó wọ ṣòkòtò péńpé lánàá, o wá ní kó fi agbádá sá a lónìí. Iye tó dín, kì í ṣe agbára nìkan ló lọ níbẹ̀.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá · Ọjọ́rú, 12:38 ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́ láti Ìbàdàn. Mo mọ̀ pé ẹnì kan fẹ́ sọ pé kí Àkànbí fi ọkọ̀ náà ránṣẹ́ sílé. Ẹ má tíì sọ ọ́.

Àbúrò bàbá mi gbé Maverick 1971 wálé ní 1976. Nígbà tí Ford kọ́kọ́ gbé Maverick jáde ní oṣù Kẹrin 1969, 1,995 dọ́là ni, ọkọ̀ mẹ̀kúnnù lójú àwọn ará ibẹ̀. Ní Mọ́kọ́lá, ńṣe la ń tẹ̀ lé e bí egúngún. A ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún títì láti ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin 1972, sítíárì òsì rẹ̀ bá wa lára mu. Ohun tí kò bá wa mu ni páàtì. Òkúta ta láti abẹ́ táyà lọ́rì kan, ó fọ́ gíláàsì iwájú. Gíláàsì Peugeot 504 wà káàkiri, ti Maverick kò sí ní gbogbo Ìbàdàn, kò sí l'Ékòó. Wọ́n kọ lẹ́tà sí Amẹ́ríkà, èsì pẹ́ ju oyún lọ. Òjò wọnú rẹ̀, adìyẹ tẹ̀ lé òjò. Títí mo fi jáde ìwé mẹ́fà, ẹyin inú Maverick ni à ń jẹ.

Àkànbí_Houston · Ọjọ́ Àìkú, 9:20 alẹ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun púpọ̀. Ìròyìn méjì ló wà lọ́wọ́ mi.

Nọ́ńbà Oklahoma dé. VL29G ló fi bẹ̀rẹ̀. Mo bi ẹni tó ń tà á, ó ní lẹ́yìn ni wọ́n gbé ẹńjìnnì 340 sí i. Mo ní, "O sọ pé 340 gidi ni." Ó ní ẹńjìnnì náà gidi ni. Mo gé fóònù.

Èyí èkejì, ojú ń tì mí. Ìyàwó mi kì í lè pa àṣírí mọ́. Nídìí oúnjẹ lónìí, ó ní, "Dádì, báwo lẹ ṣe rówó ra irú ọkọ̀ olówó iyebíye bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ wà níléèwé?" Bàbá gbé àmàlà ọwọ́ wọn sílẹ̀. "Olówó iyebíye wo? Sírì fọ́tì dọ́là ni mo rà á. Mo ti ń sọ fún yín láti ọjọ́ yìí. Ará Ìjẹ̀bú kan tó ń padà sílé ló ní òun máa gba 400. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi nájà á."

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ sírì fọ́tì, mo rò pé ẹńjìnnì ni wọ́n ń fi yangàn. Ọjà tí wọ́n ná ará Ìjẹ̀bú ni wọ́n ń fi yangàn.

Baba_Sípánà · Ọjọ́ Àìkú, 9:58 alẹ́

Mo rẹ́rìn-ín débi pé ìyàwó mi dìde wá wò mí.

Ó yá, wá 225, VL29C. Owó rẹ̀ ò ní tó ìdajì ti Oklahoma. Pààrọ̀ gbogbo páìpù rọ́bà tó ń gbé epo, torí ọtí wà nínú epo òde òní, ó máa ń jẹ rọ́bà àtijọ́. Nǹkan kan tún wà lára ògiri ẹńjìnnì, ó funfun bíi tánganran, ó gùn bí ìka. Bàlásìtì ni à ń pè é. Tó bá jó, ọkọ̀ máa ń gbà bí o bá ṣì di kọ́kọ́rọ́ mú, ó sì máa ń kú ní gẹ́rẹ́ tí o bá jọ̀wọ́ rẹ̀, torí iná bátìrì ń lọ tààrà nígbà tí sítátà ń yí, ó sì ń gba inú bàlásìtì kọjá lẹ́yìn náà. Yọ ọ́ kúrò, kí o fi ìgínísọ̀n tuntun tí kò nílò rẹ̀ sí i.

Ìyá_Bùkọ́ · Ọjọ́ Àìkú, 10:16 alẹ́

Kó má yọ nǹkan kan. Ẹ fẹ́ gbé irú ọkọ̀ tí bàbá wà ní 1977 fún wọn, ẹ tún fẹ́ tún un ṣe kó dà bíi ti òní? Gbogbo wa là ń fi bàlásìtì kan pa mọ́ sínú àpótí kékeré iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ọkọ̀. Iṣẹ́jú márùn-ún, sukurudíráfà kan, o ti ń lọ. Àkànbí, ra méjì.

Baba_Sípánà · Ọjọ́ Àìkú, 10:20 alẹ́

Mọ̀mọ́, nínú òjò ńkọ́?

Ìyá_Bùkọ́ · Ọjọ́ Àìkú, 10:23 alẹ́

Nínú yìnyín ni mo ṣe tèmi.

Àkànbí_Houston · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, oṣù Kejìlá, 11:47 àárọ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. 1970, VL29C, àwọ̀ ewé gbígbẹ, 11,500 dọ́là, ìlú kékeré kan lẹ́yìn Dallas. Mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, mo gún irin ìdábùú náà, sukurudíráfà ò wọlé. Ilé aládùúgbò ni mo gbé e pa mọ́ sí.

Láàárọ̀ yìí, bàbá ń fá irùngbọ̀n. Mo sítáàtì rẹ̀ níta, nyìn-ìn nyìn-ìn nyìn-ìn. Wọ́n jáde pẹ̀lú ìfófòó ọṣẹ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan. Wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n yí i po lẹ́ẹ̀kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ síbi táyà òsì, wọ́n fi àtàǹpàkò nu orí irin kan, wọ́n mi orí. Wọ́n jókòó sídìí sítíárì, wọ́n ṣí àpótí kékeré iwájú, wọ́n tú u títí. "Èyí tó funfun yẹn, àrọ́pò rẹ̀ dà?" Inú àpò mi ló wà. Mo nà án sí wọn.

Ìgbà yẹn ni wọ́n wá bèèrè iye tí mo rà á. Mo sọ ọ́. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní ó hàn gbangba pé mi ò bá ará Ìjẹ̀bú nájà rí.

Ìyá_Bùkọ́ · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11:52 àárọ̀

Fídíò dà? Sítátà yẹn ni mo fẹ́ gbọ́.